Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Bí Ayé Ṣe Ya Àwòrán Àwọn Ọ̀nà Inú Ọpọlọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bí òwe yìí ti jẹ́ òtítọ́ tó, kí ó lọ sí Ọjà-Ọ̀dàn ní Àríwá Yewa, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà. Kí oòrùn tó yọ, yóò rí àwọn ìyá tó ru gàrí, àwọn aláàárù àti àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń jáde láti inú igbó, níbi tí àlejò kò ro pé ọ̀nà wà rárá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀nà náà kò sí nínú àwòrán ilẹ̀ tí ìjọba yà. Ẹsẹ̀ àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá ló ń fi wọ́n hàn: koríko tó wó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ilẹ̀ tó ti le, ìrì tó ti gbọ̀n dànù lára ewé.

Àwa ará ẹnubodè ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ilẹ̀, ọ̀tọ̀ ni àwòrán ilẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ìjọba Faransé fọwọ́ sí àdéhùn kan tó fa ìlà gba àárín wa kọjá. Nígbẹ̀yìn, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìlaró, Ayétòrò àti Ọjà-Ọ̀dàn bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó fa ìlà náà kò mọ ọ̀nà tí ìyàwó ilé ń gbà lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní òdìkejì, wọn kò sì béèrè.

Mo fi èyí bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ìtàn ọ̀nà àti àwòrán ọ̀nà ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí: bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe wá ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ya àwòrán àwọn ọ̀nà tó wà nínú ọpọlọ ènìyàn tó ṣì wà láàyè. Ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí wa lójú, ṣùgbọ́n ó kan ilé wa.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà, tí gbogbo ọjà mọ̀ sí Bàbá Alágbàdo. Kò sí ọ̀nà ẹsẹ̀ kan láti Ọjà-Ọ̀dàn dé ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí Bàbá kò lè gbà lóru láìtan iná. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá jí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gbé sókè mọ́, ẹnu rẹ̀ ti ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ kò sì jáde. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, àwọn ará ilé ní iṣẹ́ ayé ni. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wá agbo, wọ́n sì gbàdúrà. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó gbé e dé ilé-ìwòsàn. Dókítà tó gbà wọ́n wọlé kọ́kọ́ bi wọ́n pé, “Láti ìgbà wo?” Nígbà tí wọ́n dáhùn, kò sọ ohunkóhun, ó kàn mi orí. Bàbá kò kú. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ, ó sì ń fi ojú dáhùn, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó mọ gbogbo ọ̀nà kò lè dárúkọ ọ̀nà kan mọ́.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ni, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ẹ̀gbà. Ẹ̀jẹ̀ ni kò dé apá kan nínú ọpọlọ, àwọn ọ̀nà tó gba ibẹ̀ kọjá sì gé. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí apá ọ̀tún ara, nítorí pé àwọn fọ́nrán iṣan tó ń gbé àṣẹ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ máa ń kọjá sí òdìkejì ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, kí wọ́n tó wọ inú ọ̀pá-ẹ̀yìn. Ní apá òsì yẹn kan náà, lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, ni ọ̀nà kan wà tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, tó so ibi tí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ibi tí a ti ń pèsè rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọwọ́ ọ̀tún àti ọ̀rọ̀ ẹnu fi sábà máa ń lọ pọ̀.

ÀWỌN TÓ BI ÒKÚ LÉÈRÈ

Ó pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti mọ̀ pé ọ̀nà wà nínú ọpọlọ. Ní ọdún 1665, ní ìlú Paris, Nicolas Steno, ọmọ ilẹ̀ Denmark, sọ fún àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọ̀nà tó dára jù láti mọ ọpọlọ ni kí a tọ àwọn fọ́nrán inú rẹ̀ lẹ́yìn, kí a wo ibi tí wọ́n gbà àti ibi tí wọ́n parí sí. Ó sì jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí òun kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni yóò lè ṣe é láé.

Ní ọdún 1861, Paul Broca, dókítà ọmọ Faransé, tọ́jú ọkùnrin kan tó jẹ́ pé “tan” nìkan ni ọ̀rọ̀ tó lè jáde lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, Broca yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó sì rí i pé apá iwájú lọ́wọ́ òsì ti bàjẹ́. Ní ọdún 1873, Camillo Golgi ní Ítálì rí ọgbọ́n fífi èròjà fàdákà pa ọpọlọ láró, tí ìwọ̀nba fọ́nrán díẹ̀ nínú rẹ̀ fi dúdú, tí ojú sì lè rí wọn. Santiago Ramón y Cajal, ọmọ Sípéènì, gba ọgbọ́n náà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwọn àwòrán tí ayé ṣì ń wò títí di òní. Àwọn méjèèjì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1906, bí ẹnu wọn kò tilẹ̀ kò: Golgi gbà pé àwọ̀n kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀, Cajal ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ọ̀rọ̀ Cajal ló jàre. Ní ọdún 1935, Josef Klingler ní Siwitsalandi kọ̀wé nípa bí a ṣe lè mú kí ọpọlọ òkú dì bí yìnyín, kí a sì máa bó àwọn fọ́nrán rẹ̀ ní ìpele ìpele.

Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo èyí, ṣùgbọ́n òkú ni wọ́n ń bi léèrè. Kò sí èyí tó lè ran ẹni tó ṣubú láàárọ̀ òní lọ́wọ́.

OMI NI ATỌ́NÀ

Omi ló wá sọ àṣírí náà, omi lásán tó kún inú ọpọlọ wa. Ní ọdún 1827, Robert Brown rí i pé àwọn ègé tín-ín-tín tó wà nínú omi kì í sinmi. Wọ́n ń ta gìrì síhìn-ín sọ́hùn-ún láìdúró. Ní ọdún 1905, Albert Einstein ṣe ìṣirò tó fi hàn bí irú ègé bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rìn jìnnà tó láàárín àkókò kan. Kò sí ẹni tó ronú kan ọpọlọ nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi aró ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹ bá kán ẹ̀kán aró kan sínú igbá omi tó dúró jẹ́ẹ́, yóò tàn ká gbogbo ìhà lọ́gbọọgba. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kán an sórí àwọn òwú tí a nà tẹ́lẹ̀ fún híhun aṣọ òfì, yóò sáré tọ òwú lọ ju bí yóò ṣe ré òwú kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni omi ń ṣe nínú ọpọlọ. Níbi tí àwọn fọ́nrán iṣan bá ti tò lọ ní ìhà kan, omi máa ń tọ̀ wọ́n lọ, nítorí pé ara fọ́nrán ń dí i lọ́nà láti kọjá sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá lè mọ ìhà tí omi ń lọ ti mọ ìhà tí ọ̀nà gbà, bí ọmọ Ọjà-Ọ̀dàn ṣe ń fi ìrì tó gbọ̀n mọ ibi tí èèyàn gbà kọjá.

Ohun tó kù ni ẹ̀rọ tó lè wo omi. Ní ọdún 1965, Edward Stejskal àti John Tanner ní Amẹ́ríkà fi hàn bí a ṣe lè lo agbára òòfà láti wọn ìrìn omi. Ní àwọn ọdún 1970, Paul Lauterbur àti Peter Mansfield sọ agbára òòfà àti ìgbì rédíò di ohun tí ń ya àwòrán inú ara, èyí tí a mọ̀ lónìí sí ẹ̀rọ MRI. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 2003. Láàárín ọdún 1985 sí 1986, Denis Le Bihan, dókítà ọmọ Faransé, pa ọgbọ́n méjèèjì pọ̀, ó sì gbé àwòrán ìrìn omi nínú ọpọlọ alààyè jáde.

Ní ọdún 1990 ni nǹkan tó kan Bàbá Alágbàdo ṣẹlẹ̀. Michael Moseley àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní California dí òpó ẹ̀jẹ̀ kan nínú ọpọlọ àwọn ológbò, wọ́n sì ń wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Àwòrán MRI ti àtijọ́ kò tíì fi nǹkan kan hàn, ṣùgbọ́n kò pé wákàtí kan tí àwòrán ìrìn omi fi hàn gbangba. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, omi dúró, kò rìn mọ́ bó ṣe ń rìn, ibẹ̀ sì tàn funfun báláú nínú àwòrán. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀ fún àwọn oníṣègùn, nítorí pé ẹ̀rọ CT, tí ó tètè ń fi ẹ̀jẹ̀ tó ya sínú ọpọlọ hàn, sábà máa ń pàdánù òpó ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dí ní wákàtí àkọ́kọ́. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì sì wà, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni a ti ń lò ó jù lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ní ọdún 1994, Peter Basser, James Mattiello àti Le Bihan gbé ìṣirò kan jáde tó ń wọn ìrìn omi láti ìhà mẹ́fà, ó kéré tán, kí a tó sọ ibi tí fọ́nrán dojú kọ. Ní ọdún 1999, àwọn ẹgbẹ́ olùwádìí bẹ̀rẹ̀ sí í so ibi kan mọ́ ìkejì, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, títí odindi ọ̀nà fi yọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí Steno rò pé kò ṣeé ṣe ti wá ṣeé ṣe, láìfi ọ̀bẹ kan ara ẹnikẹ́ni. Lónìí, kí àwọn oníṣẹ́ abẹ tó yọ kókó kúrò nínú ọpọlọ ní àwọn ilé-ìwòsàn ńlá, wọ́n á kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀nà ọ̀rọ̀ àti ọ̀nà ọwọ́ gbà, kí wọ́n má bàa gé e.

ÀWỌN TÓ WÁDÌÍ LÓJÚLÉ LÓJÚLÉ

Ẹ má ṣe rò pé òǹwòran lásán ni ilẹ̀ Yorùbá nínú ìtàn ọpọlọ. Ní ọdún 1962, Látúndé Odéku, ọmọ Awẹ́, tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Howard àti ti Michigan ní Amẹ́ríkà, padà sílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní ilé-ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ iṣẹ́ náà. Kò sí ẹ̀rọ CT níbikíbi láyé nígbà náà; ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi yẹ aláìsàn wò, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Àwòrán X-ray, èròjà tí wọ́n ń fún sínú òpó ẹ̀jẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń tì sínú ihò ọpọlọ ni àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà fi ń mọ ibi tí wọn yóò gbé ọ̀bẹ sí. Ọdún 12 péré ni Odéku fi ṣe iṣẹ́ náà nílé. Ó kú ní ọdún 1974, lẹ́ni ọdún 47.

Ní UCH kan náà, Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntòkun gba ọ̀nà mìíràn. Kò dúró de aláìsàn; ó tọ̀ wọ́n lọ sílé. Ní àwọn ọdún 1960, ó lọ sí abúlé Òṣòṣà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò ti lè rìn dáadáa mọ́, tí ẹsẹ̀ wọn kú tipiri, tí ojú àti etí àwọn mìíràn sì ń kú lọ. Ìwádìí rẹ̀ tọ́ka sí oúnjẹ wọn: ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe tó, tí májèlé sáyánáìdì ṣì kù nínú rẹ̀, tó ń ba iṣan jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí padà sí Òṣòṣà ní nǹkan bí 30 ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n bá àrùn náà níbẹ̀. Àwa tí a ń jẹ gàrí, tí a sì ń tà á ní gbogbo agbègbè Yewa, ó yẹ kí á mọ ìtàn yìí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ní àwọn ọdún 1980, Ọ̀ṣuntòkun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ Igbó-Ọrà, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn lójúlé lójúlé, wọ́n sì yẹ àwọn ènìyàn tó sún mọ́ 20,000 wò fún àrùn ọpọlọ àti iṣan. Ní ọdún 1992, òun àti Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan tó fi àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn ní Ìbàdàn wé àwọn adúláwọ̀ ẹgbẹ́ wọn ní ìlú Indianapolis. Ọ̀ṣuntòkun kú ní 1995, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò dúró. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2001, ó ya ayé lẹ́nu: lọ́dọọdún, nǹkan bí ìdá 1.35 nínú 100 àwọn àgbà Ìbàdàn ni àrùn ìgbàgbé ń mú, ní Indianapolis, ìdá 3.24. Ìwé, bírò àti ẹsẹ̀ tí kò kọ ìrìn ló mú ìmọ̀ yìí wá.

Ní ti rọpárọsẹ̀, Máyọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí kan jáde ní ọdún 2018, èyí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Ghánà. Wọ́n fi aláìsàn 2,118 wé àwọn 2,118 tí àrùn náà kò mú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú gbogbo ohun tó ń fà á. Àìjẹ ẹ̀fọ́ tútù tó bó ṣe yẹ náà wà nínú àkọsílẹ̀.

TA LÓ WÀ NÍNÚ ÀWÒRÁN?

Ní nǹkan bí ọdún 2010, ìjọba Amẹ́ríkà ná nǹkan bí mílíọ̀nù 40 dọ́là láti ya àwòrán gbogbo ọ̀nà inú ọpọlọ. Wọ́n kó nǹkan bí 1,200 ọ̀dọ́, láti ẹni ọdún 22 sí 35, wọ́n sì dìídì wá àwọn ìbejì àti àwọn ọmọ ìyá kan náà. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kà á. Ìpínlẹ̀ Missouri ni wọ́n ti rí ìbejì wọn. Igbó-Ọrà, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì, kò sí nínú rẹ̀.

A kò lè dá wọn lẹ́bi. Ìwádìí kan tí Godwin Ogbole ti UCH ṣe agbátẹrù rẹ̀, tó jáde ní 2018, rí ẹ̀rọ MRI 84 péré ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 58 nínú wọn ní Nàìjíríà. Ní Japan, ẹ̀rọ tó wà fún mílíọ̀nù kan ènìyàn lé ní 50. Èyí tó pọ̀ jù nínú tiwa ni agbára òòfà rẹ̀ sì kéré, tí kò lè ya àwọn ọ̀nà tín-ín-tín dáadáa. Àwòrán tí a wá ń pè ní ọpọlọ ènìyàn, orí àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n fi yà á.

Ohun kejì tó yẹ kí á mọ̀ ni pé àwòrán náà fúnra rẹ̀ lè parọ́. Ibi kan ṣoṣo nínú àwòrán, tí kò tóbi tó hóró ìrẹsì, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́nrán nínú. Bí ọ̀nà méjì bá pàdé níbẹ̀, ẹ̀rọ kò mọ̀ bóyá wọ́n kọjá lára wọn ni tàbí wọ́n fi ẹnu kanra tí wọ́n sì yà. Ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ olùwádìí 20 gba ìdánwò kan: wọ́n fún wọn ní àwòrán tí a ti mọ àwọn ọ̀nà inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn rí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀nà tó wà ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà tí kò sí rárá, tí wọ́n tún yà, pọ̀ ju àwọn tó wà lọ. Àwòrán náà sì ń sọ ibi tí ọ̀nà gbà ni. Kò lè sọ ẹrù tó ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹni tó bá ti gbé lẹ́bàá ẹnubodè kò ní ṣe kàyéfì. Ìlà wà nínú àwòrán 1889 tí ẹsẹ̀ kankan kò tẹ̀ rí, ọ̀nà sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa tí kò wọ àwòrán. Èyí kò sọ pé kí á da àwòrán nù. Ó ń sọ pé kí àwọn tó mọ ilẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yà á. Ohun tí Ọ̀ṣuntòkun ṣe ní Òṣòṣà àti Igbó-Ọrà nìyẹn, ohun tó sì yẹ kí á bèèrè lọ́wọ́ ìjọba wa nìyẹn: ẹ̀rọ tó péye ní àwọn ilé-ìwòsàn ńlá, iná tí kò ní kú lórí rẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n lò tí a kò jẹ́ kí wọ́n sá lọ, àti owó fún àwọn olùwádìí tó ń kan ilẹ̀kùn wa.

Kí ẹ̀rọ náà tó dé, àwọn nǹkan kan wà tí kò nílò òòfà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wà ní ọ̀pọ̀ ilé oògùn. Oògùn rẹ̀ wà, ẹ̀fọ́ sì ń bẹ lọ́jà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí á pa ọjọ́ mẹ́ta tí Bàbá Alágbàdo fi sùn sílé rẹ́ nínú ìgbé ayé wa. Àdúrà kò burú, ẹ gbà á lójú ọ̀nà ilé-ìwòsàn.

Bí mo bá lọ kí Bàbá lónìí, iwájú ilé ni mo máa ń bá a. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò na ọwọ́ òsì, kì í sì í ṣì í. Ọ̀nà náà ṣì wà nínú rẹ̀. Èyí tó ń gbé e wá sí ẹnu ló gé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ẹnu ẹnìkan nínú ilé yín bá ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan láàárọ̀ ọ̀la, tí ọwọ́ kan kò gbé sókè, tí ọ̀rọ̀ sì lọ́ pọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo aago, kí ẹ sì gbé e lọ kíá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà yóò bi yín ni, “Láti ìgbà wo?”